Kíka Owó Kì í Ba Ọ̀rẹ́ Jẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ààbò Ẹni tí a Fẹ́ Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Fún

(Ọ̀rọ̀ tí Alábẹ̀wò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù kan bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbò. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín kí àwọn tí kò lè wá lè rí i kà.)

  

Mo mọ̀ pé nígbà tí ẹ rí mi tí mo dìde, ohun tí púpọ̀ nínú yín rò ni pé alábẹ̀wò tún dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwé owó, rìsíìtì, àti ẹ̀yáwó tí a kò tíì san. Ẹ fọkàn balẹ̀. Lónìí, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni mo gbé wá. Èmi kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti ìṣirò owó ni mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi gan-an ló mú mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Bí mo bá ṣí ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́, mo máa ń wo ibi tí a kọ ìdí tí ọmọ ẹgbẹ́ fi yá owó. Owó ilé ìwé wà níbẹ̀, owó ọjà wà níbẹ̀, owó ajílẹ̀ àti ti òrùlé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò rí tí n kò bá iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Ẹnìkan yá owó nítorí ìpá, ẹnìkan nítorí iju, ẹnìkan nítorí ojú ìyá rẹ̀, ẹnìkan nítorí ìyàwó rẹ̀ tí kò lè bímọ fúnra rẹ̀. Kí a tó fún olúkúlùkù wọn lówó, ó mú onídùúró méjì wá, akọ̀wé yẹ ìwé owó ìfipamọ́ rẹ̀ wò, ìgbìmọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí, akápò ka owó náà níwájú rẹ̀, òun náà sì tún un kà kó tó fọwọ́ síwèé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni kan náà tó dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá kí ó tó gba owó kì í béèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nígbà tó bá gbé owó náà dé ilé ìwòsàn. Bí a bá fẹ́ ra ewúrẹ́, a ó wo ẹnu rẹ̀, a ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, a ó ní kí wọ́n mú un rìn kí a rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi ara wa sílẹ̀ fún ọ̀bẹ, ohun tí a ń sọ ni pé dókítà ló mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́ ni, dókítà ló mọ̀ ọ́n. Akápò náà mọ owó í kà, síbẹ̀ a kì í tìtorí ìyẹn fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò.

AṢỌ KAN TÍ A KÒ KÀ

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí kì í ṣe ìjà ni mo bá wá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bíi ti yín, fẹ́ bí ọmọ rẹ̀ kẹta. Ọmọ dábùú nínú, wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ yá a lówó lọ́jọ́ kan náà, a kò lè gbàgbé oore yẹn. Òru ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, iná ń lọ ó ń bọ̀, ó sì ti rẹ gbogbo wọn. Wọ́n gbé ọmọ jáde láàyè, a yọ̀, a dúpẹ́, a gbé wọn lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ikùn ẹ̀gbọ́n mi kò fara balẹ̀. Oṣù kan, ibà. Oṣù méjì, inú rírun àti èébì. A ní bóyá ọgbẹ́ ni kò tíì jinná tán. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. A ra àgbo, a gbàdúrà. Ní oṣù kẹrin ni a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, wọ́n sì tún ikùn náà là. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni aṣọ tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ mu nígbà iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀.

Ó yè, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló yáwó nítorí ikùn kan ṣoṣo. Odidi ọdún kan ni kò fi lè ná ọjà bó ti yẹ. Àwọn onídùúró rẹ̀ ló san oṣù mẹ́ta nínú ẹ̀yáwó náà láti inú àpò ara wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn náà kì í ṣe olówó.

Mo fi ìbínú lọ bá dókítà àgbà tó ṣe iṣẹ́ abẹ kejì. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, irú ènìyàn wo ló máa ń gbàgbé aṣọ sínú ikùn ọmọnìkejì rẹ̀?"

Ó wò mí títí, ó wá béèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní alábẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí.

Ó ní, "Ẹ̀yin Alábẹ̀wò, ǹjẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí ìwé owó rí láì ka owó tó wà nínú àpótí?"

N kò lè dá a lóhùn, nítorí mo ti ṣe é rí.

ÀPÓTÍ TÍ N KÒ ṢÍ

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Mo lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan wò ní abúlé kan. Akápò wọn jẹ́ bàbá àgbà tí gbogbo ìlú ń fi orúkọ rẹ̀ búra. Bàbá gbà mí lálejò, wọ́n gún iyán fún mi. Nígbà tí mo fi yẹ ìwé tán, òjò ti ṣú, ọkọ̀ tó máa gbé mi padà sì ń fọn fèrè. Bàbá na ọwọ́ kọ́kọ́rọ́ àpótí sí mi. Mo ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, Bàbá. Ta ni yóò ka owó mọ́ yín lọ́wọ́?" Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ka owó tó wà lọ́wọ́, ó sì pé.

Nígbà tí mo padà lọ ní ọdún kejì, owó kò pé mọ́. Bàbá kò jalè o. Ó ti ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lówó díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sunkún wá bá a, ó ní òun yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bó bá yá, ó sì ti gbàgbé. Ẹgbẹ́ kò lè pín èrè ní ọdún náà. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lójú Bàbá títí tí wọ́n fi kú. Bí mo bá ti ṣí àpótí ní ọdún tó ṣáájú, nígbà tí ohun tó dín kò tíì tó nǹkan, à bá ti tún un ṣe láàárín ara wa. Mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún Bàbá ni. Inú kòtò ni mo sọ wọ́n sí.

Nítorí náà, ohun tí dókítà àgbà yẹn fi hàn mí ni pé kì í ṣe ènìyàn búburú ló gbàgbé aṣọ sínú ikùn ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó ti rẹ̀ ni, tí ó gbára lé iyè inú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í pé, "Ẹ jọ̀wọ́, aṣọ mélòó la mú wọlé, mélòó ló jáde?" Bóyá nọ́ọ̀sì kékeré kan tilẹ̀ ń fura. Bóyá ó rò pé, ta ni òun tí òun yóò ka aṣọ mọ́ ọ̀gá òun lọ́wọ́?

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ 1935

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mọ ohun tí ọdún 1935 jẹ́ fún wa. Lẹ́yìn ìròyìn tí Ọ̀gbẹ́ni C. F. Strickland kọ, èyí tó jáde ní 1934, ni ìjọba ṣe Òfin Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1935. Nínú irú òfin bẹ́ẹ̀ ni a ti pa á láṣẹ pé kí a máa yẹ ìwé gbogbo ẹgbẹ́ wò lọ́dọọdún. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tí a bá fura sí nìkan. Gbogbo ẹgbẹ́ ni. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn: bí a bá ń yẹ ìwé gbogbo ènìyàn wò, kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé a fi àbùkù kan òun.

Ní ọdún 1935 kan náà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá, ní pápá Wright Field lẹ́bàá ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń dán ọkọ̀ òfuurufú tuntun kan wò tí ilé iṣẹ́ Boeing ṣe. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní. Ọ̀gágun tó wà ọ́, Ployer Hill, kì í ṣe ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ náà gòkè díẹ̀, ó dúró gbagidi lójú ọ̀run, ó sì já lulẹ̀. Ọ̀gágun Hill kú, Leslie Tower tí í ṣe awakọ̀ ilé iṣẹ́ Boeing náà sì kú. Nígbà tí wọ́n wádìí, kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ náà. Ohun kan wà tí wọ́n fi ń há ìrù ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbọ̀n ọ́n nígbà tó bá dúró sílẹ̀. Wọ́n gbàgbé láti tú u kí wọ́n tó gbéra.

Àwọn awakọ̀ kò sọ pé kí wọ́n lọ wá ẹni tó gbọ́n ju Hill lọ. Wọ́n ní nǹkan tí a ní láti rántí ti pọ̀ ju ohun tí orí ẹnìkan lè gbà lọ. Wọ́n kọ ìwé kékeré kan, wọ́n to ohun tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: kí a tó gbéra, nígbà tí a bá wà lókè, kí a tó balẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ní ó ṣòro í wà yìí ni wọ́n wá sọ ní B-17, wọ́n sì ṣe iye tó ju 12,000 lọ. Títí di òní, bí ọkọ̀ òfuurufú bá fẹ́ gbéra, àwọn awakọ̀ méjèèjì a máa ka ìwé àyẹ̀wò sí ara wọn létí. Bí ọ̀gá bá tilẹ̀ ti ń wa ọkọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, yóò kà á.

ỌWỌ́ TÍ A KÒ FỌ̀

Ní ti àwọn dókítà, ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó wọ̀ wọ́n létí. Ní ìlú Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria, ní 1847, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Ignaz Semmelweis. Ẹ̀ka ìgbẹ̀bí méjì ló wà ní ilé ìwòsàn wọn. Àwọn agbẹ̀bí ló wà ní ọ̀kan, àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ló wà ní èkejì. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ni àwọn abiyamọ ti ń kú jù. Semmelweis rí i pé àwọn dókítà a máa ti yàrá tí wọ́n ti ń la òkú bọ̀, wọn a sì lọ fi ọwọ́ kan náà gbẹ̀bí. Ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù fi omi oògùn fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó wọlé. Ikú tó tó bíi 18 nínú abiyamọ 100 ní oṣù Kẹrin ọdún náà wá sílẹ̀ sí bíi 2 nínú 100 ní oṣù Kẹfà.

Ǹjẹ́ ẹ rò pé wọ́n yìn ín? Ọ̀pọ̀ ọ̀gá dókítà bínú. Wọn kò lè gbà pé ọwọ́ àwọn tí í ṣe ọ̀mọ̀wé ló ń gbé ikú wọlé. Ọdún 1865 ni Semmelweis kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ púpọ̀ kò sì tíì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ẹ rí i pé ìgbéraga lè pa ènìyàn ju àìmọ̀kan lọ. Ẹni tí kò mọ̀, a lè kọ́ ọ. Ẹni tó ní kí a má yẹ òun wò ńkọ́?

ÌWÉ ÀYẸ̀WÒ FÚN IṢẸ́ ABẸ

Ní 2008 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà Atul Gawande, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, ohun mọ́kàndínlógún (19) ló wà nínú rẹ̀, ó sì ní ìdúró mẹ́ta. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí ó jọ iṣẹ́ wa.

Ìdúró kìíní ni kí wọ́n tó fún aláìsàn lóògùn oorun. Wọn yóò béèrè lọ́wọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀: kí ni orúkọ rẹ, kí ni a fẹ́ ṣe fún ọ, apá ibo lára rẹ ni? Wọn yóò wò ó bóyá ó ti gbà kí wọ́n ṣe é, àti bóyá wọ́n ti sàmì sí ojú ibi tí wọn yóò là. Wọn yóò béèrè oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Wọn yóò yẹ ẹ̀rọ oògùn oorun wò, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ kékeré sí ọmọ ìka rẹ̀ tó ń sọ bí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó. Wọn yóò bi ara wọn pé: bí ẹ̀jẹ̀ bá dà púpọ̀, ǹjẹ́ a ti múra sílẹ̀?

Ìdúró kejì ni kí ọ̀bẹ tó kan ara. Gbogbo ènìyàn yóò dúró. Olúkúlùkù yóò dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, láti orí ọ̀gá dé orí ẹni tó kéré jù. Wọn yóò tún sọ orúkọ aláìsàn sókè, àti ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, àti ibi tí wọn yóò ti ṣe é. Bí ó bá yẹ kí ó gba oògùn apakòkòrò, wọn yóò béèrè bóyá ó ti gbà á láàárín ọgọ́ta ìṣẹ́jú sẹ́yìn.

Ìdúró kẹta ni kí aláìsàn tó kúrò nínú yàrá. Nọ́ọ̀sì yóò sọ ọ́ sókè pé aṣọ, abẹ́rẹ́ àti irinṣẹ́ tó wọlé ni iye tó jáde. Bí wọ́n bá gé ohun kan lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọn yóò rí i pé orúkọ rẹ̀ ló wà lára ìgò. Wọn yóò sì sọ ohun tí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ kò rí i pé owó wíwọlé, owó jíjáde, àti owó tó kù lọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe yẹn? Ìdúró kẹta yẹn ni kò sí lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbẹ̀bí ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n dán ìwé yìí wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ: Toronto, New Delhi, Amman, Auckland, Manila, London, Seattle, àti Ifakara ní Tanzania. Ìlú olówó wà níbẹ̀, ìlú tálákà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ka àwọn aláìsàn 3,733 kí ìwé àyẹ̀wò tó dé, wọ́n sì ka 3,955 lẹ́yìn tó dé. Èsì náà jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2009. Nínú aláìsàn 1,000, 15 ló ń kú tẹ́lẹ̀. Ó di 8. Àwọn tí wàhálà mìíràn bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹ́ 11 nínú 100 tẹ́lẹ̀. Ó di 7. Wọn kò ra ẹ̀rọ ńlá, wọn kò kọ́ ilé tuntun. Ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ìbéèrè àti ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n èmi tí í ṣe alábẹ̀wò gbọ́dọ̀ sọ apá kejì ọ̀rọ̀ fún yín. Ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, ìjọba ní kí gbogbo ilé ìwòsàn máa lo ìwé náà. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ ilé ìwòsàn 101 wò, tí wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2014, ikú kò fi bẹ́ẹ̀ dín rárá. Àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní ìyàtọ̀ wà láàárín kí a fa ilà sí ìwé àti kí a ṣe ohun tí ìwé wí. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà kọ ọ́ sínú ìwé ní ọjọ́ yẹn pé mo ka owó, ó sì pé.

IKÚ TÓ Ń DÉ LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó kan àwa ará Áfíríkà gan-an. Ní 2018, wọ́n tẹ èsì ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè 25 ní Áfíríkà, ilé ìwòsàn 247, lórí aláìsàn tó ju 11,000 lọ. Àwọn aláìsàn wa kéré lọ́jọ́ orí, ara wọn sì le ju ti àwọn aláìsàn ìlú òkèèrè lọ. Síbẹ̀ ìlọ́po méjì iye tó ń kú káàkiri àgbáyé ló kú nínú wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ikú náà kò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kú, lórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí àwọn ẹbí ti dúpẹ́, tí wọ́n ti lọ sílé lọ sùn. Àwọn òṣìṣẹ́ kéré, aláìsàn pọ̀, ohun tó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kò hàn sí ẹnikẹ́ni títí ó fi pẹ́ jù.

Nítorí náà, ààbò aláìsàn kò parí sí ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ wà fún dókítà, iṣẹ́ sì wà fún àwa náà.

OHUN TÍ ỌMỌ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Èkíní, ẹ má ṣe fi ohunkóhun pamọ́ fún dókítà. Oògùn tí ẹ ń lò, àgbo tí ẹ ń mu, iṣẹ́ abẹ tí a ti ṣe fún yín rí, oògùn tó ti fi ara yín wú rí, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé kan kí ẹ sì mú un dání. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun, ẹ má jẹun. Bí ẹ bá sì ti jẹ ẹ́, ẹ jẹ́wọ́. Oúnjẹ inú ẹni lè gùn wá sókè nígbà tí oògùn oorun bá ń ṣiṣẹ́, kó sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìtìjú kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ kú.

Èkejì, ẹ má tẹ ìka sí ìwé tí a kò ṣàlàyé fún yín. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ lédè tó yé yín: kí ni ẹ fẹ́ ṣe, kí ni ewu rẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe é? Bí ìpá apá òsì ni, ẹ fi ọwọ́ yín tọ́ka sí apá òsì, kí wọ́n sì sàmì síbẹ̀ nígbà tí ojú yín ṣì là sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. A kì í bá dókítà jà ní ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ lè sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹ má bínú, ǹjẹ́ ẹ máa ń lo ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ níbí? Ta ni yóò máa ka aṣọ àti irinṣẹ́? Ta ni yóò wà nídìí oògùn oorun?" Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ẹ̀kẹrin, bí ilé ìwòsàn bá gbà, kí ẹnìkan dúró ti aláìsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ó sì mọ ohun tí yóò máa ṣọ́: mímí tó le tàbí tó yára ju ti ìṣáájú, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ara gbígbóná, ìrora tó ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín kù, ìtọ̀ tí kò jáde, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara mọ́. Bí ó bá rí ọ̀kan, kí ó pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Bí wọn kò bá dá a lóhùn, kí ó tún pè. Bí aláìsàn bá sì ti délé tí ara kò sì rọ̀, kí a gbé e padà. Oṣù mẹ́rin ni a fi jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Alàgbà Alága, mo ní àbá mẹ́ta láti gbé síwájú ìpàdé.

Àbá kìíní ni pé kí ẹ̀yáwó iṣẹ́ abẹ má máa dúró de ìpàdé oṣù. Kí a fún alága, akọ̀wé àti akápò láṣẹ láti fi ọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ kan, dé iye tí ìpàdé bá fi ààyè gbà, kí a sì mú un wá síwájú ìgbìmọ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí owó bá pẹ́, àìsàn a máa le sí i, ènìyàn a sì máa sá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe dókítà nítorí pé owó tirẹ̀ kéré.

Àbá kejì ni pé kí ọ̀kan nínú àwọn onídùúró bá ọmọ ẹgbẹ́ dé ilé ìwòsàn. Kí ó ràn án lọ́wọ́ láti béèrè àwọn ìbéèrè tí mo kà yìí, kí ó sì gba rìsíìtì. Ẹni tó dúró fún owó yẹ kó lè dúró fún ènìyàn.

Àbá kẹta ni pé kí a kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ àti irú ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ilé ìwòsàn ni yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò kó tó lò ó, ṣùgbọ́n a kò ní máa sáré kiri lóru mọ́ láti wá ẹni tí yóò fún ni.

Bí a bá fẹ́ ọjọ́ tí a ó máa fi rán ara wa létí, ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yà sọ́tọ̀ láti 2019 fún ààbò aláìsàn. A lè fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ìpàdé oṣù náà, kí a sì pe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà àdúgbò kí ó wá bá wa sọ̀rọ̀.

Kí n tó jókòó, ẹ óò fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi já sí. Ó ti san ẹ̀yáwó méjèèjì tán, ó sì ti dá owó àwọn onídùúró rẹ̀ padà. Ọmọ tí wọ́n fi òru bí yẹn ti ń lọ sí ilé ìwé. Ní ti èmi, láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà àgbà yẹn, n kò fọwọ́ sí ìwé kankan mọ́ láì ka owó. Àwọn akápò kan máa ń fajú ro. Mo máa ń sọ fún wọn pé, "Bàbá, kíka owó kì í ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Nítorí yín ni mo ṣe ń kà á."

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí dókítà jẹ́ kí nọ́ọ̀sì sọ tirẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì jẹ́ kí aláìsàn sọ tirẹ̀. Kí àwa náà má sì dákẹ́ nígbà tó yẹ kí a sọ̀rọ̀.

 Ọ̀bẹ kò ní ṣì wá gé o. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò máa gbilẹ̀. Ire o.